Ìdánwò fún ọmọ ọdún mẹ́rin: ohun tí ó yẹ kí òbí mọ̀ nípa àyẹ̀wò làákàyè

Láti ọdún 2008 títí di ọdún 2020, bí ọdún tuntun bá ti wọlé ní ìlú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni àwọn òbí máa ń fà lọ́wọ́ lọ síbi ìdánwò. Ẹni tí ọmọ kò mọ̀ rí yóò jáde wá, yóò mú un wọ inú yàrá lọ, òbí kò sì gbọdọ̀ bá wọn wọlé. Nígbà tí ọmọ bá jáde, òbí yóò bi í pé báwo ni. Ọmọ lè ní ó dára, ó sì lè ní ebi ń pa òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìwé èsì yóò dé, tí yóò sọ bóyá ọmọ náà yẹ fún ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba ìlú náà là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn ọpọlọ àrà ọ̀tọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ètò yìí, inú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ní ìlú tí owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti ga ju agbára òṣìṣẹ́ lásán lọ, kò yani lẹ́nu pé àwọn òbí ń dù ú. Nǹkan bí ọmọ 15,000 ni ó ń ṣe ìdánwò náà lọ́dún kan láti wọ kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ó wà kò ju nǹkan bí 2,500 lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí Brooklyn àti Bronx gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbà pé ẹ̀kọ́ ọmọ ni ogún tí àwọn lè fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó jọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera ni pẹ̀lú. Etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, oorun tí kò tó, àti ìbẹ̀rù tí ọmọ kékeré kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń fara hàn nínú èsì, tí àwọn ènìyàn yóò sì pè é ní àìní làákàyè.

Kí ni èsì náà ń sọ gan-an?

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó máa ń ka èsì yìí bí ẹni ń ka máàkì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìwé bá sọ pé 97, kì í ṣe pé ọmọ gba ìbéèrè 97 nínú 100. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọmọ yìí yóò ta mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn yọ. Ní New York nígbà náà, ọmọ tí ó bá dé ipò 90 lè béèrè àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní agbègbè rẹ̀. Ọmọ tí ó bá dé ipò 97 lè béèrè àyè ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ó wà fún gbogbo ìlú. Síbẹ̀, àyè àwọn ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún náà kéré débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó dé ipò 97 ni kò rí àyè kankan níbẹ̀; àwọn tí ó dé ipò 99 ni wọ́n ń mú. Ní òkè téńté bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan tàbí méjì ni ó lè ya ẹni tí ó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò wọlé.

Ìdánwò méjì ni wọ́n pa pọ̀ láti ọdún 2013. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní OLSAT, dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu: olùdánwò yóò ka ìbéèrè sókè, ọmọ yóò sì fi ìka tọ́ àwòrán tí ó jẹ́ ìdáhùn. Èkejì, NNAT, dá lórí àwòrán nìkan: wọn yóò fi iṣẹ́ ọnà kan tí ibì kan ti ṣófo lára rẹ̀ han ọmọ, ọmọ yóò sì mú èyí tí yóò dí àlàfo náà.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì nínú ìṣirò náà ju bí àwọn òbí ti rò lọ. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan lára àgbàlagbà, ṣùgbọ́n nínú ayé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tuntun rẹpẹtẹ ni ó lè kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọmọ wé kìkì àwọn tí wọ́n bí ní àkókò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ó hàn gbangba pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣírò èsì ti ṣe àṣìṣe. Lára àṣìṣe náà ni pé ọdún àti oṣù ni wọ́n fi ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ, wọn kò ka iye ọjọ́ mọ́ ọn. Nǹkan bí ọmọ 2,700 ni wọ́n ti sọ fún pé kò yẹ, tí ó sì yẹ. Àwọn òbí tí ó pe ìwé èsì wò ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó dára kí òbí mọ̀ pé òun lè béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò èsì ọmọ òun. Béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrífín.

Bí ìṣirò bá tilẹ̀ péye, èsì ọmọ kékeré kì í dúró sójú kan. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì, David Lohman àti Katrina Korb, ẹni tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì ìlú Jos rí, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà ní òkè pátápátá lọ́dún kan ni kì í sí níbẹ̀ mọ́ bí ọdún bá yípo, tí àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí yóò sì ti gun òkè. Kì í ṣe pé ọpọlọ ọmọ ti kú. Àwọn ọmọ kì í dàgbà bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kan kò jọ ọ̀kan: ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ ìdánwò gba ju bí ó ti sábà ń gbà lọ, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sì gba ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú òṣùwọ̀n yìí mọ ibi tí ó lè dé. Alfred Binet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé e jáde pẹ̀lú Théodore Simon ní ọdún 1905. Ohun tí ìjọba ilẹ̀ Faransé bẹ̀ ẹ́ sí ni bí a ó ṣe mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún, kí a lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Binet kò gbà pé iye kan lè sọ gbogbo ohun tí ọpọlọ ọmọ jẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1911, Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tún òṣùwọ̀n náà ṣe ní ọdún 1916, ó sọ ọ́ di ohun tí a fi ń wá àwọn ọlọ́pọlọ pípé. Ní ọdún 1921 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọmọ tí yóò máa tọpa wọn títí wọn yóò fi dàgbà. Wọ́n lé ní 1,500. Méjì lára àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò tí èsì wọn kò sì tó ni William Shockley àti Luis Alvarez. Shockley gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1956, Alvarez gba tirẹ̀ ní ọdún 1968. Nínú gbogbo àwọn tí Terman ṣà, kò sí ẹnì kan tí ó gba ẹ̀bùn náà.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Bí kò bá kàn án, kí ó padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú a padà sílé, àbúrò rẹ̀ tí ó ga a sì wọlé. Àwọn àgbà tí ó la àkókò náà kọjá ṣì máa ń fi ṣe ẹ̀rín títí di òní.

Ara ọmọ kí ó tó kan ọpọlọ

Kí òbí tó ra ìwé ìdánwò kankan, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí. Omi máa ń dúró sẹ́yìn awọ ìlù etí àwọn ọmọ kékeré, pàápàá lẹ́yìn ọ̀fìnkìn tàbí lẹ́yìn tí etí bá dùn wọ́n. Omi yìí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìní ìrora kankan, tí ọmọ yóò sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ògiri. Ọmọ tí ń gbé ohùn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sókè, tí ń sọ pé "hẹ̀n?" nígbà gbogbo, tàbí tí kì í dáhùn bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í ṣe olórí kunkun dandan. Ní ti ìdánwò OLSAT, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùdánwò ń ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Bákan náà ni ojú rí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa kò mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ń rí ju òun lọ, nítorí pé kò ní ojú mìíràn tí yóò fi wé e. Bí dókítà bá tètè rí i, awò ojú tàbí ìtọ́jú mìíràn lè tún un ṣe, àǹfààní rẹ̀ yóò sì wà títí lẹ́yìn ìdánwò.

Oorun ni òmíràn. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní ọdún 2016 pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàárín ọ̀sán àti òru, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n jókòó tì di aago mẹ́wàá alẹ́ kí ó lè parí ojú-ìwé méjì sí i nínú ìwé ìdánwò ti pàdánù ju ohun tí ó kọ́ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, oúnjẹ tí ọmọ mọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ, ìbáà jẹ́ ògì àti àkàrà. Kì í ṣe ọjọ́ tí a ń dán oúnjẹ tuntun wò. Kí ó sì ti lọ ilé ìtọ̀ kí ó tó wọlé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí òbí béèrè ọjọ́ mìíràn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti dá a padà.

Ọ̀rọ̀ èdè nílò àlàyé díẹ̀. Ọmọ tí ń sọ Yorùbá nílé tí ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níta lè má mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan jẹ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì pọ̀, ohun tí ó mọ̀ kì í kéré. Àwọn òbí kan máa ń dá Yorùbá sísọ dúró nílé nítorí ìdánwò. Àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè èdè kò fara mọ́ èyí, nítorí pé èdè méjì kì í da ọpọlọ ọmọ rú, ọmọ tí òbí rẹ̀ sì ń bá sọ̀rọ̀ ní èdè tí kò yọ̀ mọ́ òbí náà lẹ́nu kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ láti ẹnu wọn.

Ẹ̀kọ́ ilé náà lè di ìṣòro níbi tí a kò fọkàn sí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kí ó má wo àgbà lójú, kí ó má sì fèsì àyàfi tí wọ́n bá ní kí ó fèsì, lè jókòó pẹ̀lẹ́ síwájú olùdánwò, kí ó mọ ìdáhùn, kí ó má sì tọ́ka sí i. Ìwé olùdánwò kò ní ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀wọ̀ sílẹ̀; òfo ni wọn yóò kọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí òbí lè ṣe ni kí ó ṣàlàyé fún ọmọ ṣáájú pé ẹni tí yóò bá a ṣeré lọ́jọ́ náà fẹ́ kí ó dáhùn, pé bí kò bá mọ ọ̀kan kí ó mú èyí tí ó jọ pé ó dára jù, kò sí ẹni tí yóò bínú.

Ní ti lẹ́sìn, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin fún ìdánwò yìí pọ̀ ní New York nígbà náà, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré. Kí ọmọ rí irú ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó má bàa ṣe àjèjì sí i, ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kọjá èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n, ó kàn ń jẹ́ kí ó mọ ìdánwò náà. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tí ó ti fi í sílẹ̀, tí inú ń run ún ní gbogbo òwúrọ̀ láìsí àrùn, tí ó ń jẹ èékánná, tí àlá burúkú ń jí i lóru, tàbí tí ó bú sẹ́kún bí ó bá ti rí ìwé náà, kí òbí kó ìwé kúrò nílẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí ni àárẹ̀ ọkàn fi ń sọ̀rọ̀ lára ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ọmọdé ni ó kàn.

Nígbà tí èsì bá dé

Bí ọmọ yege, òbí yóò fẹ́ pariwo pé ọlọ́pọlọ ni. Ní ọdún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck ti Yunifásítì Columbia, ní New York kan náà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó rọrùn, wọ́n yin àwọn kan pé ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, wọ́n sì yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí iṣẹ́ le lé wọn lórí, àwọn tí a yìn fún ọgbọ́n ni ó tètè jáwọ́, wọn kò gbádùn iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n sì ṣe burú sí i nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún purọ́ nípa iye tí wọ́n gbà. Ọmọ tí a ti sọ fún pé ọlọ́pọlọ ni òun ní ohun tí ó ń bẹ̀rù láti pàdánù.

Bí ọmọ kò bá yege, kò sí ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́rin fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èsì kan wà. Ohun tí ó ṣòro jù ni ti àwọn ìbejì, tí ilé Yorùbá kò ṣàjèjì sí. Bí Táíwò bá wọlé tí Kẹ́hìndé kò sì wọlé, ohun tí ẹbí àti ará ilé bá sọ níwájú wọn ni àwọn méjèèjì yóò gbé dàgbà. Àwọn òbí kan fi ìbejì méjèèjì sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò, wọ́n sì jẹ́ kí àyè náà lọ. Àwọn mìíràn yà wọ́n. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, kò yẹ kí a dárúkọ ọ̀kan ní ọlọ́gbọ́n nínú ilé kí a wá pe èkejì ní oníwà tútù, nítorí pé àwọn méjèèjì gbọ́ ohun tí a kò sọ.

Ó yẹ kí òbí mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe ọmọ nìkan ni irú ètò yìí ń dán wò. Ó ń dán òbí wò bóyá ó gbọ́ nípa ìforúkọsílẹ̀, bóyá ó ní àyè láti kúrò níbi iṣẹ́. Ní àgbègbè Broward ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ọdún 2005, ìjọba pinnu láti fi ìdánwò kúkurú kan wo gbogbo ọmọ kíláàsì kejì, kàkà kí wọ́n dúró de òbí tàbí olùkọ́ tí yóò dárúkọ ọmọ. David Card àti Laura Giuliano ṣe ìwádìí àbájáde rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2016: iye àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó wọ ètò náà lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì sì lé ní ìdá 130. Wọn kò tìtorí èyí rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kàn wò wọ́n ni. Nígbà tí owó kò tó, tí wọ́n dá àyẹ̀wò náà dúró, ìyàtọ̀ àtijọ́ padà.

Ní Nàìjíríà, àjọ NECO ni ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ wọ Federal Government Academy ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀. Ọmọ tí ó ti fẹ́rẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣe é, èyí sì sàn ju ti ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, nítorí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè sọ ohun tí ń ṣe é, ó sì ti ní olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ń ba nǹkan jẹ́ níbí ni kíkánjú: àwọn òbí tí ń mú ọmọ fo kíláàsì nítorí pé ó mọ̀wé, láìwo bóyá ó ti dàgbà tó láti bá àwọn ọmọ tí ó fi ọdún méjì jù ú lọ gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sùn sí.

Ní New York, ìdánwò ọmọ ọdún mẹ́rin náà kò sí mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ní kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dárúkọ ọmọ tí ó rò pé ó yẹ, kí wọ́n sì ṣẹ́ gègé láàárín àwọn tí a dárúkọ. Eric Adams, olórí ìlú náà nígbà náà, fi kún àyè ní ọdún 2022, ó sì ṣí ọ̀nà mìíràn ní kíláàsì kẹta. Àríyànjiyàn kò tán: nígbà ìpolongo ìbò ọdún 2025, Zohran Mamdani, tí ó padà wọlé ìbò, sọ pé òun yóò fòpin sí ti jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀nà kíláàsì kẹta tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022 kò ní ìdánwò nínú. Máàkì tí ọmọ gbà ní kíláàsì kejì ni wọ́n ń wò, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, tí olùkọ́ sì ti bá a gbé odidi ọdún kan.